Sọ̀kalẹ̀ Kí O Sinmi: Ta Ni Ó Ń Ka Ẹsẹ̀ Àwọn Ará Sauka Kahuta?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí òwe yìí bá bá iṣẹ́ kan mu ju gbogbo iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ àwọn tí ń ṣètò ìrìnnà ìlú ni. Òkèèrè ni ó yẹ kí wọ́n ti rí i pé ọ̀nà kan yóò há, pé àdúgbò kan yóò kún, pé àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò máa sáré la àárín ọkọ̀ kọjá ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Nàìjíríà, ìgbà tí igi bá gún ojú tán ni àwọn aláṣẹ máa ń wá àdá kiri.

Ní ìlú Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Sauka Kahuta. Èdè Hausa ni orúkọ náà. Bí a bá tú u sí Yorùbá, ohun tí ó wí ni pé, ‘Sọ̀kalẹ̀ kí o sinmi.’ Orúkọ tí ó dùn mọ́ arìnrìn-àjò létí ni. Ẹni tí ó ti rìn jìnnà, tí oòrùn ti pa, tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tún lè fẹ́ gbọ́ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a béèrè pé: lónìí, níbo ni ará Sauka Kahuta ti ń sọ̀kalẹ̀, níbo ni ó sì ti ń sinmi? Nígbà tí ìyálọ́jà bá sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣé ibi tí ó fi ẹsẹ̀ lé jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, àbí etí ọ̀dà ni, tí ọkọ̀ ń fẹ́ gbá a níwájú, tí gọ́tà sì ń dúró dè é lẹ́yìn? Ọmọ Nàìjíríà wo ni kò mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ní àdúgbò tirẹ̀?

Ẹjọ́ tí a gbé wá síwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé ohun èlò àkọ́kọ́ nínú ètò ìrìnnà kì í ṣe katakata, kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe àwòrán aláràbarà tí a gbé kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Kíka ènìyàn ni. Ìlú tí kò bá mọ iye àwọn tí ń rìn, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ohun tí ìrìn náà ń gbà lọ́wọ́ wọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ètò kankan, bí ó tilẹ̀ ń da ọ̀dà láti òwúrọ̀ di alẹ́.

ÌLÚ TÍ ÌRÌN DÁ SÍLẸ̀

Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí ó fi ọ̀rọ̀ ìrìnnà ṣeré, Minna ni. Ojú irin ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Láàárín 1907 àti 1911 ni wọ́n la ojú irin tí ó ti Baro ní etí Odò Ọya lọ sí Kano. Minna sì ni èyí tí ó ti Èkó bọ̀ ti wá pàdé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Hausa, Nupe, Yorùbá àti Igbo ṣe wá bá àwọn Gbagyi onílẹ̀ gbé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, a dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ọlọ́jà dé, alágbàṣe dé. Ní 1983, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọgbà rẹ̀ kan wà ní Bosso. Ọgbà ńlá sì wà ní Gidan Kwano, ní ọ̀nà Bida. Láti ìgbà tí a ti la ọgbà Gidan Kwano ni ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la ìlú kọjá, tí wọ́n ń gba Kpakungu, tí wọ́n sì ń padà gba ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Max Lock, èyí tí ó ti ṣe ti Kaduna jáde ní 1967, ṣe ìwé ètò ìdàgbàsókè fún Minna. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú di í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọgbọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀: ìwé tí a kọ kí yunifásítì tó dé kò lè mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa gba Kpakungu kọjá lójoojúmọ́. Aṣọ tí a wọ̀n fún ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè bá ọmọ ogún ọdún mu. Kì í ṣe ẹ̀bi télọ̀. Ẹni tí kò tún mú ọmọ náà padà lọ wọ̀n ni ó jẹ̀bi.

KÍ NI OHUN ÈLÒ ÈTÒ?

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ ètò ìrìnnà jẹ́ awo tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun èlò rẹ̀ kò le láti lóye. Èkíní ni kíkà ní oríta: ẹnì kan yóò dúró pẹ̀lú ìwé àti kálámù, yóò máa fa igi kọ̀ọ̀kan fún ohun tí ó bá kọjá, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èkejì ni bíbéèrè: láti ibo, sí ibo, fún iṣẹ́ wo, ní iye owó wo, fún wákàtí mélòó? Ẹ̀kẹta ni yíya ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ èrò ń gbà sí orí àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni wíwo ọjọ́ iwájú: bí a bá kọ́ ilé-ìwé tàbí ọjà sí ibí, ẹsẹ̀ mélòó ni yóò kún ọ̀nà yẹn? Ẹ̀karùn-ún ni pípe àwọn ará ìlú jọ kí wọ́n sọ èrò wọn kí a tó da ọ̀dà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ìjà wà ni ohun tí a ń kà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan, tí ó jẹ́ ìṣirò lásán, tí kì í ṣe ìròyìn ibì kankan. Ká ní ẹnì kan dúró ní oríta fún wákàtí kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 100 kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 30 kọjá, ènìyàn 4 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì 5 kọjá, ènìyàn 18 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 200 sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹni tí ó ka ọkọ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé 135 ni ó kọjá, pé 100 nínú wọn jẹ́ ayọ́kẹ́lẹ́, yóò sì parí ọ̀rọ̀ pé ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó ni oríta. Ẹni tí ó ka ènìyàn yóò rí 510, yóò sì rí i pé àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Oríta kan náà ni, wákàtí kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ yóò fẹ títì, ẹnì kejì yóò kọ́kọ́ la ojú ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ibùdókọ̀ fún èrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan ohun tí a ó kà ti yan ẹni tí a ó ṣe ètò fún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú títì ń pa ní àgbáyé lọ́dọọdún, àti pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn alálùpùpù lé ní ìdajì nínú wọn. Fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29, kò sí ohun tí ń pani tó o. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí a kò kà nígbà tí ó ń rìn, ìgbà tí ó bá kú ni a óò kà á.

ÀWÁWÍ MẸ́RIN

Àwáwí àkọ́kọ́ ni pé, ‘Minna kì í ṣe Èkó, ìlú kékeré kò nílò irú wàhálà yìí.’ Ọ̀rọ̀ yìí jọ ti ẹni tí ó ní òun kò ní pa iná ilé nítorí pé orí òrùlé kò tíì jó. Ẹ̀kọ́ tí Èkó kọ́ wa gan-an ni pé ìlú tí kò bá tètè kà á, yóò sanwó rẹ̀. Ní 1977, nígbà tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ di àrùn ní Èkó, ìjọba pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí òǹkà tí kò ṣe é pín sí méjì máa jáde ní ọjọ́ kan, kí àwọn yòókù máa jáde ní ọjọ́ kejì. Kí ni àwọn ọlọ́rọ̀ ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Òfin tí a ṣe láti dín ọkọ̀ kù di ohun tí ń bí ọkọ̀ sí i. Àwọn tí ó ṣe òfin náà ka ọkọ̀. Wọn kò ka ìdí tí ènìyàn fi ń jáde, wọn kò sì fún un ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà.

Ẹ wá fi èyí wé 2008. Èkó ti fi òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀ ní 2002 láti máa bójú tó ìrìnnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí ná láti Mile 12 dé CMS, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 22, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tirẹ̀ ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ. Wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ wá sí ìdí iṣẹ́ náà, wọn kò lé wọn dànù. Iṣẹ́ náà ní àbùkù tirẹ̀, èrò a sì máa tò pẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ìjọba tí ó bá wo ènìyàn dípò ọkọ̀ lè fi títì kan náà kó èrò púpọ̀ sí i.

Àwáwí kejì ni pé, ‘Alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ba ìlú jẹ́, ẹ fi òfin dè wọ́n, gbogbo rẹ̀ yóò dára.’ Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí ìwà jàgídíjàgan ń da Minna láàmú, Gómìnà Umar Bago pàṣẹ pé kí alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta má ṣe rìn ní ìlú láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ojúṣe ìjọba sì ni láti dáàbò bo ará ìlú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó máa jókòó ti irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbàkúùgbà: ènìyàn mélòó ni ń padà sílé lẹ́yìn agogo mẹ́fà? Nọ́ọ̀sì mélòó ni iṣẹ́ wọn ń parí ní alẹ́? Aláboyún wo ni yóò yan ọ̀sán láti rọbí? Bí ìwé ìkànìyàn kò bá sí lórí tábìlì, aláṣẹ tí ó nífẹ̀ẹ́ ará ìlú jù lọ pàápàá kò lè dáhùn. A kì í sì í gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ láì kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò fi rìn.

Àwáwí kẹta ni pé, ‘Títì gbòòrò àti afárá ni ọ̀làjú.’ Bí ilé bá dára, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni à ń gbà wọlé. Afárá tí ó gba orí oríta kọjá a máa mú ọlọ́kọ̀ yá. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó ru igbá, tí ó di ọwọ́ ọmọ mú? Títì tí a fẹ̀ láì la ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe ìrọ̀rùn fún un. Odò ni a fẹ̀ sí i kí ó tó la á kọjá. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo bẹntiróòlù kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà lítà kan, tí ó sì kọjá 600 náírà ní oṣù keje ọdún náà, ta ni kò mọ̀ pé owó ọkọ̀ fò sókè? Ẹni tí owó ọkọ̀ bá ga jù fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kù. Iye tí a kà kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ti di ìtàn. Ó di dandan kí a tún un kà.

Àwáwí kẹrin, tí ó jẹ́ ti ilé wa, ni pé Yorùbá kò fẹ́ràn kíka ènìyàn, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ̀ ni kí àjèjì máa fi ẹnu ka iye ọmọ ẹni bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Kò kọ̀ kí ìyá mọ̀ bí gbogbo ọmọ òun bá ti wọlé ní alẹ́. Ìyá wo ni í sùn láì mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìlú tí ó ń ka ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà pa wọ́n, iṣẹ́ ìyá ni ó ń ṣe.

ÈDÈ WO NI A Ó FI BI WỌ́N?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè gbogbo. Ìwé ìbéèrè tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí a sì gbé lọ fún ìyálọ́jà tí kò gbọ́ ọ, irọ́ ni yóò bí. Títúmọ̀ lásán kò sì tó. Bí a bá bi ènìyàn ní Yorùbá pé, ‘Ọkọ̀ wo ni o wọ̀ dé ibí?’ yóò dáhùn pé kẹ̀kẹ́ ni. Kò ní sọ pé òun ti fi ẹsẹ̀ rìn fún ogún ìṣẹ́jú kí òun tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bi í kò béèrè ìrìn. Ọkọ̀ ni ó béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ogún ìṣẹ́jú yóò ṣe sọnù nínú ìwé ìjọba, tí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì bá a sọnù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré náà, ‘yà’. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ lè ti ilé lọ sí ọ́fíìsì tààrà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń lọ sí Kasuwan Gwari lè kọ́kọ́ yà sí ilé-ìwé láti fi ọmọ sílẹ̀, kí ó yà lọ́dọ̀ alágbàtà, kí ó tún yà níbi tí a ti ń lọ ata, kí ó tó dé ìsọ̀ rẹ̀. Bí a bá bi í pé, ‘Láti ibo sí ibo?’ orúkọ ibi méjì ni yóò dá, gbogbo ibi tí ó yà sí yóò sì di òfo. Owó ọkọ̀ mẹ́rin ni ó san. Ìwé yóò ní ẹyọ kan ni. Ẹni tí ó mọ èdè nìkan ni ó lè mọ̀ pé ìbéèrè náà yẹ kí ó jẹ́, ‘Níbo ni o yà sí kí o tó dé?’ Àwọn olùkọ́ èdè Hausa, Nupe àti Gbagyi náà yóò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè tiwọn. Onímọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe ìṣirò títì, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá wọ́, ìṣirò kò lè tọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe é. Láti 2012, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi ní ilẹ̀ Kenya, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ inú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí à ń pè ní matatu, wọ́n mú fóònù alágbèéká lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń gbà àti ibi tí ó ń dúró. Ní 2014, wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ jáde tí ó fi ọ̀nà matatu tí ó lé ní 130 hàn. Ohun tí àwọn kan ti ń pè ní rúdurùdu láti ọdún pípẹ́ wá fi ara rẹ̀ hàn pé ó ní ètò nínú. Ojú tí yóò rí i ni kò sí. Àwọn aláṣẹ Nairobi pàápàá gba àwòrán náà. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, Douala àti Yaoundé náà ti ṣe ìwé ètò ìrìnnà tí ó fi ènìyàn ṣáájú ọkọ̀. Ìlú Áfíríkà ni wọ́n, bí Minna ti jẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó lè ka ẹsẹ̀ ní oríta kan, kò gba ju ogún akẹ́kọ̀ọ́, ogún ìwé, ogún kálámù, àti òwúrọ̀ mẹ́ta lọ. Kí àwọn olùkọ́ ìṣirò kọ́ wọn bí a ti ń fa igi. Kí àwọn olùkọ́ èdè kọ́ wọn bí a ti ń béèrè. Kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ kọ́ wọn bí a ti ń yà á sí àwòrán. Lẹ́yìn náà, kí a mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí a fi lé wọn lọ́wọ́ ní gbangba, kí a sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí ìyálọ́jà ti lè rí i. Aláṣẹ tí ó bá gbà á, oríire ni fún ìlú. Èyí tí ó bá kọ̀ ọ́ kò ní lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀.

Ẹni tí ó sọ àdúgbò náà ní Sauka Kahuta mọ ohun tí ìrìn ń ṣe fún ara ènìyàn. Ó mọ̀ pé ìrìn kò parí ní ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀ láìléwu ni ó parí sí. Ìlú tí ó bá fẹ́ kí orúkọ yẹn rò ó, kí ó kọ́kọ́ ka àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi.